Òru tí WarGames padà dé
Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jókòó ti tẹlifíṣàn láti wo Survivor Series tí WWE, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì ti Amẹ́ríkà, ṣe ní ìlú Boston, nítorí pé ibẹ̀ ni WarGames, ìjà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ tí Dusty Rhodes, oníjàkadì àtijọ́, dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, ti kọ́kọ́ wọ ètò náà, lẹ́yìn tí NXT, ẹ̀ka WWE kan, ti jí i dìde ní 2017. Wọ́n fi àgò irin kan ṣoṣo bo ríìngì méjì. Ẹni méjì ni ó ń bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á máa tẹ̀ lé wọn, ìjà kò sì lè parí títí gbogbo wọn yóò fi wọlé tán. Láyé àtijọ́, àgò náà ní òrùlé. Ti ìsinsìnyí kò ní, èyí tí mo gbà pé ó dín ẹ̀rù rẹ̀ kù. Síbẹ̀, nígbà tí Sami Zayn lu Kevin Owens, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ní abẹ́, tí ó sì fi í sílẹ̀ fún Jey Uso, tí òun àti Sami jọ wà ní ẹgbẹ́ kan náà, láti fò lé, àbúrò mi pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti dalẹ̀!” Jey, tí kò fọkàn tán Sami rí, wá gbá a mọ́ra.