Ọrùn tí kò gbéra: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa oògùn tí ń dí acetylcholinesterase lọ́wọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yàrá aláìsàn, nígbà tí èmi náà wà ní ipò yín ní Rẹ́mọ, mo gbà pé mo mọ iṣẹ́ oògùn neostigmine tán: ó ń dí acetylcholinesterase (enzyme tí ń tú acetylcholine ká) lọ́wọ́, acetylcholine (èròjà tí ń gbé àṣẹ dé ara iṣan àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn) a pọ̀ sí i, iṣan a sì lágbára. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo mọ̀.

Wọ́n gbé àgbẹ̀ kan wá tí ó fín oògùn kòkòrò sí oko kòkó rẹ̀ láìbo imú; irú oògùn kòkòrò bẹ́ẹ̀ náà ń dí acetylcholinesterase lọ́wọ́. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ sì ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. A fún un ní atropine, itọ́ gbẹ, àyà rẹ̀ mọ́, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ ṣì ń fò fìrìfìrì lábẹ́ awọ, kò sì lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ọ̀gá mi bi mí pé, "Ibo ni atropine ń dé?" Mo dákẹ́.

Receptor ni ibi tí acetylcholine ń so mọ́ lára ẹ̀yà ara. Receptor muscarinic, irú èyí tí ó wà nínú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ni atropine ń dí. Kò kan ti nicotinic tí ó wà lára iṣan. Ẹni tí ó bá ti wo Ojúde Ọba rí ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò tètè lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: régbérégbé kan a kí Awùjalẹ̀, a sì kúrò lójú agbo kí òmíràn tó wọlé. Bí régbérégbé wọ̀nyí ni acetylcholine ṣe ń wá sí ara receptor; acetylcholinesterase ni ó ń kó wọn kúrò. Bí a bá dá a dúró díẹ̀, acetylcholine a pẹ́ díẹ̀ sí i, èyí sì ṣe iṣan tí receptor rẹ̀ ti dín kù láǹfààní, bí ti ẹni tí ó ní myasthenia gravis, àìsàn tí ń mú kí iṣan tètè rẹ̀. Dókítà Mary Walker fi èyí hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1934 pẹ̀lú physostigmine, oògùn tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti neostigmine, tí a rí láti inú ẹ̀wà èsèré ti Kálàbá (ilé wa níbí ni oògùn náà ti lọ!).

Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ń kó wọn kúrò rárá, iṣan a kọ́kọ́ máa fò, lẹ́yìn náà receptor a ti ara rẹ̀ pa bí acetylcholine tilẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, awọ iṣan kò ní padà sí ipò ìsinmi, àṣẹ tuntun láti ọpọlọ kò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Ìdí nìyí tí àṣejù neostigmine fi ń sọ iṣan di aláìlágbára, àti ìdí tí a kì í fi í tú suxamethonium, oògùn tí a fi ń mú iṣan rọ nígbà iṣẹ́ abẹ, tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe bí acetylcholine.

Iṣan tí a fi ń mí náà ní receptor nicotinic yìí. Nítorí náà, nígbà tí itọ́ bá gbẹ, ẹ ṣì máa wo mímí aláìsàn. Bí oògùn kòkòrò náà bá jẹ́ organophosphate, pralidoxime ni a fi ń gbìyànjú láti já a kúrò lára enzyme kí ó tó lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Èmi máa ń ní kí aláìsàn gbé orí sókè, mo sì ń kà á dé ìṣẹ́jú àáyá 5.