Bí Hámstà Yín Bá Lóyún Láìròtẹ́lẹ̀

Bí ẹ bá ra hámstà, ẹranko kékeré bí eku tí àwọn èèyàn ń sìn nínú ilé, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí ìdí rẹ̀ ti wá fẹ̀ bíi píà, tó ń ya tíṣù kiri, tó sì ń gé ọwọ́ tó ti ń gba oúnjẹ lójoojúmọ́ jẹ, kì í ṣe pé ó sanra. Ìsanra máa ń dé ọrùn àti èjìká. Ti oyún, ikùn nìkan ló máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọjọ́ 4 tàbí 5 tó kẹ́yìn ló sì máa ń hàn kedere. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí ẹ bá fura, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ. Ẹ má jáyà. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò pọ̀, èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni kí ẹ má fọwọ́ kàn án.

Hámstà Síríà ni mò ń sọ, èyí tó tóbi jù lára àwọn tí èèyàn ń sìn nínú ilé, tí àwọn ọmọ wa ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà sábà máa ń bẹ àwọn òbí wọn pé kí wọ́n rà fún àwọn. Ẹni tí kò bá rí i rí, kó rántí òkété: òun náà ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tó fi ń kó oúnjẹ lọ sílé, àmọ́ ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba inú àtẹ́lẹwọ́. Oyún rẹ̀ kò ju ọjọ́ 16 sí 18. Láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ akọ, ẹ ka ọjọ́ 18. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò bí, kò lóyún wá láti ìsọ̀. Kò sì ṣòro kó lóyún wá, nítorí abo lè gboyún láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 tó ti dáyé, ara rẹ̀ sì máa ń gba akọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Tí àwọn tó ń tà á bá ti kó takọtabo sínú àpótí kan, ó ti parí, kódà bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Bí akọ bá ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí. Abo Síríà tó lóyún lè gé akọ jẹ títí yóò fi kú. Ní ti àwọn ẹ̀yà kékeré bíi Campbell's, tí oyún tiwọn máa ń tó ọjọ́ 18 sí 22, wàhálà míì ló wà níbẹ̀: ó lè gba oyún tuntun láàárín wákàtí 24 tó bímọ. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ kò ní tíì já lẹ́nu ọmú tán tí àwọn kejì yóò fi dé.

Gbogbo ìmọ́tótó àti àtúntò ilé, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ṣe é, ó kéré tán ọjọ́ 3 kó tó bí. Ẹ pààrọ̀ èérún pákó tàbí bébà tó ń sùn lé, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì da ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ti àtijọ́ padà sí i, kí òórùn ara rẹ̀ má bàa kúrò níbẹ̀. Kéèjì onírin kò dára fún abiyamọ. Àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà 1 ti tó fún orí ọmọ ọ̀sẹ̀ 2, ibi tí orí bá sì ti gbà, ara á bá a lọ. Àpótí onígíláàsì tàbí oníke tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì wáyà ló dára. Ẹ yọ gbogbo pèpéle àti àkàbà kúrò, torí ó máa ń gbé ọmọ sẹ́nu gòkè, ọmọ á wá já bọ́. Wíìlì tó ń sá lé, bí ojú rẹ̀ bá dí pa, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá ọ̀pá, ẹ yọ ọ́.

Fún ìtẹ́, ẹ mú tíṣù funfun tí kò ní lọ́fíńdà, bíi abala 15 sí 20, ẹ fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì kó o sí ìdàkejì àpótí. Òun fúnra rẹ̀ á kó o lọ síbi tó wù ú. Ẹ má fi òwú sí i láé, ẹ má sì fi àwọn nǹkan rírọ̀ olókùn tín-ín-rín tí wọ́n ń tà fún ìtẹ́ hámstà sí i. Okùn rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ẹsẹ̀ náà á sì kú. Ó tún lè dí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá. Ó ń dùn mí pé wọ́n ṣì ń tà á.

Oúnjẹ gbígbẹ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, láti ṣíbí ìjẹun 1 sí 2 lójúmọ́. Á kó púpọ̀ pamọ́. Ẹ má tú ìpamọ́ náà. Ẹ fi ẹyin síse tàbí ẹran adìẹ síse kún un, ṣíbí ìpotíì 1, láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí epo, kí ẹ sì kó èyí tó bá ṣẹ́ kù kúrò kó tó bà jẹ́. Ọsàn, àlùbọ́sà àti aáyù kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ máa fi ìka ti bọ́ọ̀lù ẹnu ìgò omi rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ rí i pé omi ń kán. Bí ìgò bá dí mọ́ ọn lóru kan, ọmú lè gbẹ, ìyá tí òùngbẹ ń gbẹ sì lè dojú kọ àwọn ọmọ.

Alẹ́ tàbí òru ló sábà máa ń bímọ. Ọmọ kan lè tẹ̀ lé èkejì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30, wọ́n sì sábà máa ń tó 6 sí 12, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíráàmù 2 sí 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pupa ròrò, kò ní irun, ojú rẹ̀ dì, etí rẹ̀ dí, àmọ́ ó ti ní eyín tó bá wáyé. Bí ẹ bá rí i pé ó ń rọbí fún wákàtí 2 tí ọmọ kò jáde, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló kàn.

Bí kò bá sí èyí, láti ọjọ́ tó bímọ títí di ọjọ́ 14, ẹ má fọwọ́ kan ìtẹ́, ẹ má gbé ìyá, ẹ má tún ilé ṣe. Lọ́dún 1930, nítòsí Aleppo ní Síríà, wọ́n wú abo kan pẹ̀lú ọmọ 11 jáde láti inú ihò tó jìn tó nǹkan bíi mítà 2 àbọ̀. Israel Aharoni, onímọ̀ nípa ẹranko, kó gbogbo wọn sínú àpótí. Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá náà pa ọmọ tó sún mọ́ ọn jù. Lára àwọn ọmọ yòókù ni ọ̀pọ̀ jù lọ hámstà Síríà tó wà nínú ilé àwọn èèyàn lónìí ti ṣẹ̀ wá. Ìyá yẹn kì í ṣe ìkà. Ní ojú rẹ̀, ilé ti tú, ọ̀tá ti dé, kò sì sí ọ̀nà àtisá pẹ̀lú ọmọ. Ohun kan náà ni òórùn ọwọ́ wa, ariwo tẹlifíṣọ̀n àti ọmọ tó ń ṣí ìdérí wò lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ń sọ fún hámstà inú yàrá. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta àpótí. Ẹ rọra fi oúnjẹ sílẹ̀ ní ìdàkejì ìtẹ́, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Bí ibì kan bá tutù jù fún ìtọ̀, ẹ fi ṣíbí bu ibẹ̀ nìkan.

Ẹ lè rí i tó fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tí àwọn ọmọ ń ké. Ó ń gbọ́ wọn, kódà ó ń gbọ́ igbe tí etí èèyàn kò lè gbọ́. Bí ọmọ kan bá já sílẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ́, ẹ fún un ní wákàtí kan kó fúnra rẹ̀ gbé e. Bí kò bá gbé e, ẹ fi èérún inú àpótí yẹn pa ṣíbí lára dáadáa, kí ẹ fi gbé ọmọ náà sẹ́nu ìtẹ́. Bí ó bá kó ọmọ sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ kúrò níbẹ̀ kíá, torí wọ́n lè kú síbẹ̀. Bí iye ọmọ bá dín kù láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, pàápàá fún ìyá tó jẹ́ pé àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn, ẹ má wá òkú. Ó lè jẹ́ èyí tó ti kú ló jẹ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kú kó tó pé ọjọ́ 10, ó ṣòro gan-an kí èèyàn fọwọ́ tọ́ ọ yè. Ẹ pe dókítà, ẹ má fún un ní wàrà màlúù.

Irun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín ọjọ́ 5 sí 7. Láti ọjọ́ 7 sí 10, wọ́n á ti máa ra kiri wá oúnjẹ láìtíì lajú: ẹ fọ́n óòtì gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ìtẹ́, kí ẹ sì so ìgò omi kejì sísàlẹ̀ kí ẹnu wọn lè tó o. Ẹ má gbé abọ́ omi sílẹ̀, wọ́n á rì sí i. Ojú máa ń là ní nǹkan bí ọjọ́ 14. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tún ilé ṣe, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ìyá sọ́tọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tó fẹ́ràn. Ọmọ tí ọwọ́ èèyàn bá mọ́ lára nísinsìnyí kò ní máa gé èèyàn jẹ lọ́la.

Àwa máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni yóò máa mu. Hámstà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni ìbátan wọn mọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ ya akọ kúrò lára abo kó tó pé ọjọ́ 28, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oyún míì á tún dé. Ẹ gbé méjì jọ kí ẹ fi wọ́n wéra: ti akọ, àlàfo tó wà láàárín ojú ìtọ̀ àti ihò ìdí fẹ̀, ti abo, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, ẹ ó sì rí ìlà orí ọmú méjì lára ikùn rẹ̀. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ 6, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wà nínú ilé tirẹ̀, torí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ìjà náà sì ń pa wọ́n.

Nítorí náà, kí wọ́n tó lajú ni kí ẹ ti máa wá ẹni tí yóò gbà wọ́n. Ní Ìlú Ọba, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ RSPCA tàbí Blue Cross, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú ẹranko. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti bóyá akọ ni tàbí abo sórí bébà, kí ẹ sì fi ẹ̀kúnwọ́ èérún láti inú ilé rẹ̀ sínú àpótí tí yóò gbé e lọ.