Yíyún Ló Ń Tú Àléjì Imú Fó

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa àléjì imú, ìyẹn kí imú máa kọ ohun kan tó wà nítòsí, ni pé yíyún ni kéèyàn kọ́kọ́ wò. Bí àléjì ṣe ń múni sín tó sì ń dí imú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀fìnkìn. Ṣùgbọ́n bí imú, ojú àti òkè ẹnu bá ń yún, tí omi tó ń jáde nímú mọ́ gaara, tí ara ò sì gbóná, àléjì ni kí ẹ fura sí. Ọ̀fìnkìn sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Àléjì ò ní lọ níwọ̀n ìgbà tí ohun tó ń fà á bá ṣì wà nítòsí.

Ẹ ṣọ́ ìgbà tó ń le. Bó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá jí, ẹ wo ibùsùn yín. Àwọn kòkòrò kan tójú lásán ò lè rí ń gbé inú ìrọ̀rí, èépá ara wa ni wọ́n ń jẹ, ìgbẹ́ wọn sì ni imú ń kọ̀. Omi tó gbóná tó 60°C ni kí ẹ máa fi fọ aṣọ ibùsùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí omi tútù kì í pa wọ́n. Bó bá jẹ́ ìta ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Ti ológbò ńkọ́? Itọ́ àti èépá ara rẹ̀ ló ń fà á, nítorí náà gígé irun rẹ̀ ò yanjú nǹkan kan.

Oògùn tí dókítà ní kẹ́ ẹ máa fín símú lójoojúmọ́ ń ṣiṣẹ́ gan-an, ọwọ́ tá a fi ń fín in ló ń bà á jẹ́. Ẹ mi ìgò náà, ẹ tẹrí ba díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó fín ihò òsì, kí ọwọ́ òsì fín ihò ọ̀tún, kí ẹnu ìgò sì kọjú síhà etí. Bó bá ń ba ògiri àárín imú, ibẹ̀ á gbẹ, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ má fà á símú tagbáratagbára: bẹ́ ẹ bá ti ń tọ́ ọ wò lọ́fun, ó ti kọjá ibi tá a rán an nìyẹn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 kó tó ṣiṣẹ́ dójú àmì. Ó máa ń dùn mí pé ọjọ́ kẹta lọ̀pọ̀ ti ń jù ú sílẹ̀.

Oògùn ìfínmú tó ń ṣí imú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yàtọ̀ síyẹn o. Ẹ má lò ó ju ọjọ́ 3 lọ. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, gbàrà tí agbára rẹ̀ bá ti tán ni imú á tún wú, á sì dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló ń dí ní gbogbo ìgbà, tàbí tí àyà ń han bẹ́ ẹ bá ń mí, ẹ lọ rí dókítà.