Owó Bodè àti Ọbẹ̀ Ilá: Ìrìnàjò Mi láti Àkúrẹ́ dé Ho

Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, sẹ́fà 2,000 (owó tí wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò) tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní bodè ṣì ń dùn mí, kì í sì í ṣe nítorí pé owó náà pọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ ni, iṣẹ́ kò sì tíì yọjú, nígbà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe olùkọ́ nítòsí Ho, olú-ìlú ẹkùn Volta ní Gánà, ní kí n wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá àwọn kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Ibùsùn àti oúnjẹ nìkan ni. Ìyá mi, tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, nítorí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lo ṣe fẹ́ lọ sí ẹ̀yìn odi?” Síbẹ̀, òun náà ló di ẹja gbígbẹ fún mi.

Oorun ni mo sùn dé Èkó. Ọ̀kan nínú àwọn bodè mẹ́ta tí a kọjá ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gba ìwé mi yí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú mi síwá sẹ́yìn, ó ní òǹtẹ̀ rẹ̀ kò hàn. Òǹtẹ̀ náà hàn ketekete! Ó ti lé ní oṣù kan tí mo gba abẹ́rẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 10 péré ni òfin ní kí ó pé kí káàdì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo rọra ṣàlàyé fún un pé láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ ìlú kan nínú wọn lè wọ òmíràn, kí ó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé rẹ̀ bá ti pé. Kò dá mi lóhùn. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ìwé ìrìnnà mi mọ́ orí tábìlì, ó sì pe ẹni tó kàn. Awakọ̀ wa ń fun fèrè, ìyá àgbà kan nínú ọkọ̀ sì ní, “Ọmọ mi, fún un, ká máa lọ.” Mo fún un. Kò sí rìsíìtì. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi kò ní ìwé kankan rárá. Iye kan náà ló san, ó sì yára kọjá jù mí lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ fi owó kéékèèké sí àpò ọ̀tọ̀, nítorí bí wọ́n bá rí owó ńlá lọ́wọ́ yín, wọn kò ní ní ṣéńjì.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Ho, inú sì ń bí mi débi pé n kò fẹ́ jẹun. Ìyá onílé tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbà. Ó fi irin há ìkòkò kí ó má baà yí, ó sì ń fi ọmọrogùn ro akple, òkèlè tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́ rò, títí òógùn fi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ẹja ìyá mi ló jù sínú ọbẹ̀ ilá. Bí ilá alásèpọ̀ ilé wa ló rí lẹ́nu.

Nígbà tí ó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Kétu ni àwọn àgbà Ewe, ìyẹn ẹ̀yà tirẹ̀, sọ pé àwọn ti ṣẹ̀ wá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Notsé, tó wà ní Tógò báyìí, níbi tí Ọba Agokoli ti fi ìyà jẹ wọ́n nínú odi ńlá. Àwọn obìnrin wọn ń da omi ìfọṣọ sí ojú kan lára odi náà títí ó fi rọ̀. Wọ́n dá a lu lóru, wọ́n sì fẹ̀yìn rìn jáde, kí ipa ẹsẹ̀ wọn lè dà bí ti ẹni tó ń wọlé. Ìyá náà dìde, ó fẹ̀yìn rìn láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà láti fi hàn mí. Kétu! Ìlú Alákétu gan-an ni obìnrin yìí ń pè ní ilé àwọn baba ńlá rẹ̀. Mo jẹ akple náà tán, mo sì ní kí wọ́n bu òmíràn fún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà kò pẹ́ parí. Nígbà tí mo ń bọ̀, wọ́n di ìyẹ̀fun akple fún ìyá mi. Ó ti rò ó lẹ́ẹ̀mejì ní Àkúrẹ́ báyìí, ó sì ń bi mí ìgbà tí n ó padà lọ.