Ẹni tó kàn láti gbá ló ń di áòtù, kì í ṣe ẹni tó gbá

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ní Houston níbí, inú ṣì ń bí mi. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí kò kàn án, umpire (adájọ́ eré) ṣi òfin lò, ó sì gba ohun tó tọ́ sí àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni mò ń bá kóòṣì wa kọ ìwé eré. Abala tó kẹ́yìn la wà, a fi ayò kan ju wọ́n lọ. Ẹnì kan nínú wọn ti di áòtù (wọ́n ti lé e kúrò ní gbígbá), ẹnì kan wà ní béèsì kejì (ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí wọ́n ń sáré gbà kí wọ́n tó jẹ ayò). Nínú ètò gbígbá tí wọ́n kọ sílẹ̀, ẹni karùn-ún ló kàn, ẹni kẹfà ló jáde wá. Mo ta kóòṣì lólobó, a sì panu mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àrékérekè o: umpire fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́, ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ pápá ni òfin ní kó là á lójú. Tí ẹ bá sì sọ ọ́ nígbà tó ṣì ń gbá lọ́wọ́, wọ́n á kàn fi ẹni tó kàn rọ́pò rẹ̀ ni, kò sí áòtù.

Ọmọ wa tó ń ju bọ́ọ̀lù kò dúró jẹ́ẹ́ kó tó jù ú, wọ́n pe balk (àṣìṣe ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó ń fún ẹni tó wà ní béèsì ní béèsì kan síwájú), ẹni béèsì kejì bọ́ sí ìkẹta. Lẹ́yìn náà ni ẹni kẹfà gbá a jìnnà, wọ́n jẹ ayò, ó di ọ̀mì. Kóòṣì pe umpire kí wọ́n tó ju òmíràn.

Umpire wo ìwé, ó fagi lé ayò náà. Àfi bó ṣe nawọ́ sí ẹni kẹfà pé òun ni áòtù, tó ní kí ẹni karùn-ún wá gbá! Ẹni karùn-ún ló yẹ kó di áòtù, kí ẹni kẹfà wá gbá nígbà tirẹ̀. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ lòun lé. Kóòṣì ní ká jẹ́ kí eré máa lọ. Ẹni karùn-ún tí wọn ìbá ti lé yẹn gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri, wọ́n fi na wá, ó parí. Ọmọ mi sunkún délé. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ó ti padà sí pápá.

Àwọn òbí wa kan ń pariwo pé kí wọ́n dá ẹni béèsì kẹta padà sí ìkejì. Rárá, béèsì tí balk fún un ti di tirẹ̀, ẹni yòówù kó máa gbá. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ẹni tó kàn ni áòtù! Ẹ tẹ òfin 6.03(b) inú ìwé òfin bésíbọ́ọ̀lù jáde, ẹ fi sínú báàgì eré. Bí umpire bá yí i po, kí kóòṣì sọ fún un pé ẹ ń pe ìpinnu náà lẹ́jọ́ kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, nítorí nígbà tí tiwa fi dé etí àwọn tó ń ṣètò ìdíje, wọ́n ní àkókò ti kọjá.