Ta ló da odò rú? Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àṣenọ́jú mi

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Bébà tí wọ́n fi ń yẹ pH wò (bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó: 7 ni ti omi tí kò kan, bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i), bébà míì fún náítíréètì (irú iyọ̀ kan tó ń yọ́ sínú omi), mítà kékeré tó ń wọn iyọ̀ inú omi, ike mẹ́fà tí mo ti fọ̀, gègé àti ìwé. Ohun èlò mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi ìwakùsà kan wà lẹ́bàá odò tí mo máa ń rìn dé, ìṣàn kékeré kan sì ń já sínú odò ọ̀hún, ó pupa fòò. Mo ti dá ẹjọ́ kí n tó kúrò nílé: àwọn awakùsà ni.

Nǹkan kan ń dán lójú ìṣàn náà bí epo mọ́tò. Inú mi dùn, mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Mo fi igi tọ́ ọ. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ bíi dígí, kò sì para pọ̀ mọ́. Epo gidi ì bá ti pa dà lẹ̀ mọ́ra. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fi irin inú omi ṣe oúnjẹ ló máa ń da irú rẹ̀ sójú omi, ilé iṣẹ́ wà o, kò sí o.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Mo tọ omi pupa náà lọ dé orísun rẹ̀. Òkè ibi ìwakùsà ló ti ń sun, lẹ́sẹ̀ àpáta tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́. pH 4. Mo ṣa òkúta kan níbẹ̀ tó ń tàn bíi wúrà: páíráìtì, irin àti imí ọjọ́ tó so pọ̀. Bí omi àti atẹ́gùn bá ti kàn án, ásíìdì ló ń dà, irin á sì bá omi lọ. Odò Río Tinto ní Sípéènì pọ́n bẹ́ẹ̀, pH rẹ̀ ò ju nǹkan bí 2 lọ. Wọ́n ti ń wa kùsà níbẹ̀ láti nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ àwọn èèpá ìpẹtà kan wà ní bèbè rẹ̀ tó ti dì síbẹ̀ kí ọmọ ènìyàn kankan tó wa ilẹ̀.

Mo fa igi lé ẹjọ́ tí mo ti dá sínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Ojú mẹ́rin ni mo wọ̀n lọ́jọ́ kan ṣoṣo: òkè odò, ìṣàn pupa, ẹnu páìpù tí ibi ìwakùsà ń gbà tú omi jáde, àti ìsàlẹ̀ odò. Omi páìpù mọ́ gaara, pH rẹ̀ 7.5. Ó wu ojú. Mítà ní òkè odò 80, ìṣàn pupa 340, páìpù 1,900. Mo rò pé mítà ti bàjẹ́. Mo ṣàn án, mo tún un wọ̀n: 1,910.

Ẹfun tí wọ́n máa ń dà sínú omi ìwakùsà ló ń pa ásíìdì. Irin á rọ̀ sísàlẹ̀, omi á mọ́, ṣùgbọ́n sọ́fẹ́ètì, iyọ̀ tí imí ọjọ́ inú páíráìtì ń dà, ò ní kúrò, kò sì láwọ̀ tí ojú lè rí. Bébà náítíréètì náà yí àwọ̀ lẹ́nu páìpù àti nísàlẹ̀ odò, kò yí níbòmíràn. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ní náítíréètì nínú. (Ajílẹ̀ oko náà ní i, àmọ́ kò sí oko láàrin òkè àti ìsàlẹ̀ tí mo wọ̀n.)

Mo wá gbé garawa lítà 10 sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ìṣàn pupa kún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 20, páìpù ní 2 péré. Tí mo ṣírò ohun tó yọ́ sínú omi méjèèjì, èyí tí páìpù ń kó wọ odò fi ìlọ́po tó lé ní 50 ju ti ìṣàn pupa lọ. Omi tó dọ̀tí lójú ni mo ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí!

Ó ku òkìtì òkúta tí wọ́n kó jáde látinú ilẹ̀. Páíráìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ máa ń yára di ásíìdì ju ti àpáta odidi lọ, òjò ló sì máa fi hàn. Mo ń retí òjò ńlá. Garawa mi ti ya létí, mo gbọ́dọ̀ wá òmíràn.