Ọdún Tí Bàtà Mi Bá Òkun Lọ

Ẹ má bi mí ohun tí mo ṣe láti oṣù kìíní dé oṣù kẹrin. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo gbowó oṣù, owó tán. Fadá Borghero ló ni ọdún yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ọjọ́ pẹ́ mọ Bàbá Katikíìsì, tí wọ́n ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sì mọ̀ pé ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì láti èṣí. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ní kí n máa ka ìwé tí Fadá náà fi ṣàkọsílẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ fáwọn. Lálaalẹ́, lẹ́yìn rósárì, màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá máa tú Faransé sí Yorùbá, ìwé atúmọ̀ èdè ń bẹ lórí itan mi. Ibi tó bá le, mo máa ń fò ó. "O ti fo nǹkan kan, àbí?" Wọn ò gbọ́ Faransé o, àmọ́ wọ́n máa ń mọ̀.

Ará Ítálì ni Borghero. Àwọn mẹ́ta ló jọ gbéra lọ wàásù ní Dahomey, ilẹ̀ tó wà ní Benin òní. Ọ̀kan kú sí Freetown, níbi tí ibà ti pa Bíṣọ́ọ̀bù Brésillac ní 1859, ẹni tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Àwọn méjì tó kù ló gúnlẹ̀ sí Ouidah ní oṣù kẹrin 1861. Borghero dé ọ̀dọ̀ Glele, ọba Dahomey, ní Abomey. Ó rí àwọn obìnrin ológun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán gun òkìtì ẹ̀gún. Bàbá ní kí n tún ibẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mẹta, títí Ìyá Dámi fi wá paná.

Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti 1863. Àrá sán sílé àwọn Fadá ní Ouidah, ilé jó, àwọn àwòrò Xɛvioso, òrìṣà àrá tiwọn, sì wá gbowó ìtanràn, bí àwọn Mọ́gbà Ṣàngó ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa gẹ́lẹ́. Fadá ní òun ò san. Wọ́n gbé e jù sẹ́wọ̀n. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé: "Ṣàngó ò mọ sútánà!" Mo di ìwé, mo ní ó di ọ̀la.

Fadá ṣì wà lẹ́wọ̀n nígbà tí Bàbá lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bàtà.

Ní oṣù kẹwàá mo wọkọ̀ lọ sí Ouidah. Mo fẹ́ dúró síbi tí ọkọ̀ ojú omi kékeré ti gbé Fadá la ìgbì já, torí kò sí èbúté níbẹ̀. Èmi akọni, mo bọ́ bàtà, mo gbé e sórí iyanrìn, mo wọnú omi dé kókósẹ̀. Ìgbì kan wá. Nígbà tó padà, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló kù. Ìyá tó ń ta sílípáàsì gbọ́ Nàgó, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo òkun, ó ní, "Ó ti mú tiẹ̀ nìyẹn." Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà. Mo ná an títí, kò já kọ́bọ̀.

Mo wọ sílípáàsì aláwọ̀ ewé yẹn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi àwọn Potogí tí Fadá gbé, mo ṣíwèé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kà sókè, ní Yorùbá. Ewúrẹ́ kan dúró ń gbọ́. Wọ́n tú Fadá sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Èkó, ó sì bá àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ti ń gbàdúrà pọ̀ tipẹ́. Ẹni tó ń ṣáájú wọn ni wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Kì í ṣe fadá rárá. Ẹrú tó gba òmìnira ni. Ká kúkú sọ pé katikíìsì ni.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti ń ṣomi. Iyanrìn ni, ẹ jọ̀ọ́. Atẹ́gùn Ouidah le.

Ó ku ti Abẹ́òkúta, tí Fadá dé ní 1864, ọdún tí àwọn Dahomey gbógun dé odi Ẹ̀gbá. Ibẹ̀ ni Bàbá ti ń dúró dè látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti fi ewé ọ̀pẹ sí ojú ìwé náà, mi ò tíì ṣí i.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá síbi ìsìnkú, àti ẹni tó gbé ìrẹsì méjì wá tí kò kọ orúkọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, Abomey ni, bí ẹsẹ̀ bá gbà. Ìyá Dámi ti ra bàtà olókùn.